Erin àti Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ Níwájú Ilé Attracta

Ebi ń pa Fintan Mulvihill ní ilẹ̀ tí oúnjẹ ti pọ̀ ju ẹnu lọ. Kì í ṣe pé àwọn ará Amẹ́ríkà ya ahun. Láti ọjọ́ tó ti dé, gbogbo ilé tó wọ̀ ni wọ́n ti fi oúnjẹ lọ̀ ọ́. Ẹ̀kọ́ ilé tí ìyá rẹ̀ fún un ní Kiltavoy, abúlé wọn ní Ireland, ni ó fẹ́ fi ebi pa á.

Ní Kiltavoy, bí wọ́n bá fi oúnjẹ lọ ènìyàn, "rárá" ni ìdáhùn àkọ́kọ́. Ìwà ọmọlúàbí nìyẹn. Olóúnjẹ yóò tún bèèrè, àlejò yóò sì tún ní rárá, pé kí wọ́n má ṣe wàhálà. Ìkíni lásán nìyẹn. Ìgbà tí wọ́n bá bèèrè lẹ́ẹ̀kẹta ni ikùn tó ń dáhùn. Àlejò yóò wá ní, "Ó dáa, ẹ bu díẹ̀, kí ẹ má bàa bínú," yóò sì jẹ àwo mẹ́ta. Kò sí ẹni tó ń jókòó kọ́ ọmọ ní èyí. Inú wàrà ìyá ni wọ́n ti ń mu ún.

Ṣùgbọ́n ní Corley, ìlú kékeré ní Pennsylvania tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ń gbé, rárá ni rárá. Lọ́jọ́ tí Fintan dé, Doreen Hatch tó ń gbé ilé kejì gbé páì èso ápù wá kí i. Èéfín ṣì ń rú lórí rẹ̀, òórùn rẹ̀ sì ń pe ènìyàn lórúkọ.

"Ẹ̀yin ni àbúrò Attracta! Ẹ káàbọ̀ o. Ṣé kí n gé páì fún yín?"

"Rárá o, ẹ má yọ ara yín lẹ́nu."

"Ó dáa nígbà náà," ni Doreen wí tẹ̀ríntẹ̀rín. Ó bo páì rẹ̀, ó sì gbé e padà sílé.

Fintan fi ojú sin páì náà títí ó fi wọlé tí ilẹ̀kùn sì padé, bí ẹni tó ń sin òkú ẹni ọ̀wọ́n dé ibojì.

Ti Doreen ṣì ṣe é gbọ́. Èyí tó dùn ún jù ni ti Attracta fúnra rẹ̀. Yàrá kan náà ni wọ́n bí àwọn méjèèjì sí, ọmú kan náà ni wọ́n mu, ṣùgbọ́n Attracta ti lo ju ogójì ọdún lọ ní Amẹ́ríkà. Ní àárọ̀ ọjọ́ kẹta, ó mú ẹyin dání, ó ní, "Fintan, ṣé o máa jẹ ẹyin?" Fintan ní rárá. Attracta sì dá ẹyin padà sínú fíríìjì.

"Ẹ̀gbọ́n mi!" Fintan kígbe. "Ẹ̀ẹ̀kan péré? Ẹ̀ẹ̀kan péré ni ẹ bi ọmọ ìyá yín?"

Attracta dúró, ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà lára ilẹ̀kùn fíríìjì. Ó wo àbúrò rẹ̀, ó wo bí ṣòkòtò ṣe ń ṣí lọ nídìí rẹ̀, ọ̀rọ̀ náà sì yé e. Ẹ̀rín gbé e, ó di sítóòfù mú kó má bàa ṣubú.

"Mo gbé! Fintan, mo ti gbàgbé! Mo ti gbàgbé pátápátá. Ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti bi èmi náà lẹ́ẹ̀mejì."

"Ẹ wá bi mí lẹ́ẹ̀mejì tó kù, ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ̀mí mi tó bọ́."

Ó bi í. Ó din ẹyin fún un, ó din ẹran ẹlẹ́dẹ̀ sí i, ó sì yan búrẹ́dì. Fintan ṣe àmì àgbélébùú, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Olúwa tó bọ́ Ísírẹ́lì ní aginjù, ó sì kọjú mọ́ iṣẹ́.

"Kí ni ẹ fẹ́ kí n rà fún ọjọ́ ìbí yín?" ó bèèrè nígbà tí ara rẹ̀ ti balẹ̀ díẹ̀. Nítorí ọjọ́ ìbí náà ló ṣe wọ ọkọ̀ òfuurufú fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀.

Attracta jókòó síwájú rẹ̀. "Àádọ́rin ọdún ni mo máa pé lọ́jọ́ Àìkú. Aṣọ wà, bàtà wà, Ọlọ́run ṣeun. Kí n ṣáà rí Emmet àti Leo nídìí tábìlì kan náà. Ohun tí mò ń bá Ọlọ́run sọ lójoojúmọ́ nìyẹn."

Àwọn ọmọ rẹ̀ ọkùnrin méjèèjì ló ń wí. Emmet ni ẹ̀gbọ́n, iṣẹ́ òrùlé ló ń ṣe. Leo ni àbúrò, olùkọ́ ni. Emmet wà nínú ẹgbẹ́ elérin, Leo wà nínú ẹgbẹ́ oníkẹ́tẹ́kẹ́tẹ́, nítorí ẹranko méjèèjì yìí ni ẹgbẹ́ òṣèlú ńlá méjèèjì ń yà sára pátákó wọn. Nígbà oúnjẹ àjọ̀dún Ìdúpẹ́ ní ọdún méjì sẹ́yìn, kí wọ́n tó gé tòlótòló ni àríyànjiyàn ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀bẹ ò tíì dé itan tí Emmet fi lu tábìlì, ọbẹ̀ sì fò lọ bá fèrèsé. Leo mú ẹ̀wù òtútù rẹ̀, ó bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Láti ìgbà náà, wọn ò jókòó pọ̀ mọ́. Bẹ́ẹ̀ ilé wọn ò jìnnà síra. Bí Leo bá ń din àlùbọ́sà, Emmet á sín.

"Ṣé ẹ ti pè wọ́n?"

"Mo pè wọ́n. Emmet ní bí Leo bá ń bọ̀, òun ò wá. Leo ní bí Emmet bá ń bọ̀, òun ò wá."

"Lẹ́yìn náà ńkọ́?"

"Lẹ́yìn náà wo? Wọ́n ní àwọn ò wá. Àgbàlagbà ni wọ́n. Níbí, bí ènìyàn bá ti ní rárá, ó ti parí nìyẹn."

Fintan fẹ́ sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ẹyin kún ẹnu rẹ̀.

Lọ́jọ́ náà ó pe Philomena ìyàwó rẹ̀ lórí fóònù. Ó ti jẹun, ọ̀rọ̀ sì ń ṣàn lẹ́nu rẹ̀ bí omi.

"Obìnrin yìí, jókòó kí o tó gbọ́. Títì wọn fẹ̀ débi pé bí màlúù bá fẹ́ sọdá, àfi kó di oúnjẹ ọ̀sán dání. Wọ́n ń wakọ̀ fún wákàtí kan láti lọ ra búrẹ́dì! Nílé, tí mo bá wakọ̀ fún wákàtí kan, mo ti bá ìbátan rẹ mẹ́ta jà lójú ọ̀nà."

"Ìbátan tèmi ni àbí tìẹ?"

"Gbọ́ ti ìròyìn wọn ná. Ìròyìn wọn kì í sùn. Tẹlifíṣọ̀n wà ní ilé ìdáná, ó wà ní yàrá, mo tún rí òmíràn níbi tí wọ́n ti ń ta epo ọkọ̀. Bí o bá tẹ ibì kan, ayé ń parẹ́, ẹgbẹ́ elérin ló fà á. Tẹ ibòmíràn, ayé ń parẹ́, oníkẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ló fà á. Gbogbo wọn ṣáà gbà pé ayé ń parẹ́. Lẹ́yìn náà wọ́n á wá polówó bẹ́ẹ̀dì! Philomena, ta ló ń ra bẹ́ẹ̀dì tuntun de òpin ayé?"

"Bóyá wọ́n fẹ́ fi ìrọ̀rùn dúró dè é."

"Wọ́n tún polówó oògùn orúnkún kan. Ẹnìkan ń fi ohùn jẹ́jẹ́ ka ohun tó lè ṣe fún ènìyàn: ojú fífọ́, àyà jíjá, ikú òjijì. Ọkùnrin tó lò ó sì ń bá ajá rẹ̀ sáré nínú koríko, ó ń rẹ́rìn-ín!"

"Fintan," ni Philomena wí, "o gbọ́? Má dá sí ìṣèlú wọn o. Mo mọ ẹnu rẹ."

"Èmi? Kí ló kàn mí níbẹ̀?"

Lọ́jọ́bọ̀, Attracta lọ ṣe irun nítorí ọjọ́ ìbí rẹ̀. Ó fi Fintan sílẹ̀ pẹ̀lú tíì àti rosárì rẹ̀. Kò pẹ́ tí wọ́n fi kan ilẹ̀kùn. Ọkùnrin onírùngbọ̀n kan ló dúró síta, àwòrán erin wà láyà rẹ̀, ó sì kó pátákó dání.

"Ẹ káàárọ̀, Bàbá. Ṣé ẹgbẹ́ wa lè gbọ́kàn lé ilé yìí láti dìbò fún Harlan Stukey?"

Ó yẹ kí a sọ bí wọ́n ṣe ń dìbò ní ìlú Fintan. Nọ́ńbà ni wọ́n ń fi pẹ́ńsù kọ síwájú orúkọ àwọn olùdíje: ení fún ẹni tí o fẹ́ jù, èjì fún ẹni tó tẹ̀lé e, ẹ̀ta fún ẹni tí kò ṣẹ̀ ọ́ rí, títí lọ bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, kò sí ẹni tó wá tọrọ ìbò tí wọ́n ń lé kúrò lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n á sọ ọ̀rọ̀ dáadáa fún un. Ó lè jẹ́ ipò keje ni wọ́n máa fi í sí, òun náà sì mọ̀, ṣùgbọ́n tayọ̀tayọ̀ ni yóò lọ.

"A ò ní gbàgbé yín nínú ilé yìí," ni Fintan wí, ó sì bọ̀ ọ́ lọ́wọ́.

"Ṣé ká ri pátákó kan mọ́ iwájú ilé?"

"Kí ló máa ṣe koríko?"

Wọ́n ri erin mọ́lẹ̀. Fintan ò tíì mu tíì rẹ̀ tán tí ìyá àgbà kan tún kan ilẹ̀kùn, kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ló wà lára pátákó tirẹ̀. Yvonne Prewitt ni orúkọ ẹni tó ń polongo fún.

"Ẹ fọkàn balẹ̀, a ò ní gbàgbé yín nínú ilé yìí, Mà," ni Fintan wí. Nígbà tó sì rí i pé orúnkún ń dun ìyá náà, òun fúnra rẹ̀ gba òòlù, ó bá a kan kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ mọ́lẹ̀, kò jìnnà sí erin, kí àwọn méjèèjì lè máa rí ara wọn.

Ẹni kẹta tó wá, òun fúnra rẹ̀ ni olùdíje. Walter Drozd ni orúkọ rẹ̀, ó sanra, ojú rẹ̀ sì tutù bí ojú fádà. "Ipò aláyẹ̀wò òkú agbègbè yìí ni mò ń díje fún, Sà."

"Wọ́n ń dìbò yan ìyẹn náà?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Sà. Ní ọdún mẹ́rin-mẹ́rin."

"Ta ló ń dìbò ọ̀hún? Àwọn oníbàárà yín?"

Walter Drozd rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Fintan ní, "Màá gbàdúrà kí ẹ wọlé. Màá tún gbàdúrà kí n má rí yín mọ́." Wọ́n gbé pátákó tirẹ̀ sí àárín erin àti kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́. Àwòrán rẹ̀ ń rẹ́rìn-ín níbẹ̀, lábẹ́ rẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́ sí pé: Ó Ń Dúró Dè Yín.

Ní Corley, wọn ò rí irú rẹ̀ rí. Àwọn ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rọra kọjá. Ẹnìkan fọn fèrè, ẹnìkejì bú u, ẹnìkẹta padà wá wò ó lẹ́ẹ̀kejì. Nígbà tí yóò fi di ọ̀sán, ọkọ̀ ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n kan ti dúró lẹ́nu ọ̀nà, ọmọbìnrin akọ̀ròyìn kan sì ti gbé gbohùngbohùn sí Fintan lẹ́nu.

"Bàbá, ẹgbẹ́ wo gan-an lẹ wà?"

"Ọmọlúàbí ni gbogbo wọn. Irùngbọ̀n èkíní dára, orúnkún èkejì ló ń dùn ún."

"Ta lẹ máa wá dìbò fún?"

"Hẹn-ẹ́n. Ìyẹn wà láàárín èmi, Ọlọ́run, àti pẹ́ńsù."

Akọ̀ròyìn náà ò bi í bóyá ọmọ ìlú náà ni. Fintan náà ò sọ ohun tí wọn ò bi í.

Nígbà tí Attracta dé láti ilé onírun, irun rẹ̀ dúró ṣánṣán bíi kéèkì ìgbéyàwó. Ó sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀. Ó wo erin, ó wo kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́, ó wo olókùú tó ń rẹ́rìn-ín láàárín wọn.

"Fintan! Kí lo ṣe fún mi?"

"Wọ́n bi mí ni."

"O ò wá lè ní rárá?"

"Sí ènìyàn tó dúró lẹ́nu ọ̀nà? Ẹ̀gbọ́n mi, inú ilé wo ni wọ́n ti tọ́ yín?"

Kó tó dá a lóhùn, fóònù rẹ̀ dún. Emmet ni. "Mọ́mì, wọ́n ní kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ wà níwájú ilé yín! Ẹ má fọwọ́ kàn án, mò ń bọ̀ wá fà á tu." Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé e sílẹ̀ ni Leo tún pè. "Mọ́mì, ta ló gbé erin síbẹ̀? Ṣé Emmet ni? Mò ń bọ̀."

Attracta jókòó lórí àtẹ̀gùn ẹnu ọ̀nà. "Ó ti parí," ó wí. "Ọjọ́ Àìkú ti bàjẹ́. Ohun tí mo ti ń rọra tọ́jú láti ọdún méjì, o fi òòlù kàn án mọ́lẹ̀." Fintan ṣí fìlà rẹ̀, ó ń yí i lọ́wọ́.

Ọkọ̀ ńlá Emmet bọ́ láti òkè àdúgbò, ọkọ̀ kékeré Leo bọ́ láti ìsàlẹ̀, wọ́n sì pàdé lẹ́nu ọ̀nà. Wọn ò kí ara wọn. Emmet lọ gbá kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ mú, Leo di erin mú, oníkálukú bẹ̀rẹ̀ sí í fà. Ìfà kan ṣoṣo ni Emmet fi fà á tu, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n erin ò dá Leo lóhùn. Ó fà á, ó fà á, ó tún fà á. Lójijì ni erin tú, Leo sì fi ìdí jókòó sínú ẹrẹ̀, erin lórí itan rẹ̀ bí ọmọ tuntun. Emmet gé ètè rẹ̀ jẹ kí ẹ̀rín má bàa bọ́.

"Ta ló kó nǹkan wọ̀nyí síbí?" Àwọn méjèèjì ló bèèrè lẹ́ẹ̀kan náà.

Fintan nawọ́ sókè bí ọmọ ilé ìwé. "Èmi ni."

"Èwo níbẹ̀?"

"Méjèèjì. Àti ti olókùú."

"Ọ́ńkù!" Emmet fọwọ́ lérí. "Ẹ ò tiẹ̀ lè dìbò ní orílẹ̀-èdè yìí!"

"Mo mọ̀. Ta ló ní mo lè dìbò?"

Emmet rọra gbé kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ti igi. "Mọ́mì, ẹ má bínú. Mò ń lọ."

"Èmi náà ń lọ," ni Leo wí, ó ń gbọn ẹrẹ̀ nídìí.

"Ẹ wọlé, ẹ mu tíì," ni Attracta wí.

"Rárá, Mọ́mì. Ẹ ṣeun." Ohùn kan náà, bí ẹni pé ẹnìkan ló dáhùn.

Attracta mi orí. Ó dìde lórí àtẹ̀gùn, ó kọjú sí ilẹ̀kùn. Fintan rí i pé irun tuntun náà ń gbọ̀n. Ó sún mọ́ etí rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀ẹ̀kan péré? Ṣé bí Màmá wa ṣe ń bèèrè nìyẹn?"

Attracta dúró. Ó yíjú padà.

"Kéèkì wà nílẹ̀ pẹ̀lú tíì," ó wí.

"Mọ́mì, a ti ní rárá," Leo dáhùn. Emmet ní, "Mi ò lè bá…" ṣùgbọ́n kò parí ọ̀rọ̀ náà. Fintan ń wo ẹsẹ̀ wọn. Ẹnu ti ní rárá lẹ́ẹ̀mejì, ẹsẹ̀ ò tíì gbọ́.

Attracta wá mí kanlẹ̀. Nígbà tó la ẹnu lẹ́ẹ̀kẹta, ohùn Kiltavoy tí Amẹ́ríkà ti lọ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ láti ogójì ọdún sẹ́yìn wá jáde ní gbígbóná.

"Ẹ má dà mí láàmú o! Mo ti da tíì sínú ife! Ṣé kí n wá gbé ìbùkún Olúwa dà sínú koríko ni? Ẹ gbé ẹsẹ̀ yín wọlé jàre, ẹ̀yin ọmọ tí mo bí!"

Emmet wo ilẹ̀. "Ààbọ̀ ife péré," ó wí.

"Lórí ìdúró ni màá mu tèmi," ni Leo wí.

Díẹ̀ ló kù kí Fintan kígbe halelúyà. Ní Kiltavoy, ẹni tó bá ní òun máa mu ún lórí ìdúró, òun ni wọ́n ń jí nídìí tábìlì lọ́gànjọ́ òru. Attracta sáré wọlé ṣáájú wọn, nítorí, kí Olúwa dárí jì í, kẹ́túlù náà tutù bí òkúta.

Leo dúró. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ ó fara ti àga. Lẹ́yìn náà ó jókòó, nítorí kéèkì ò ṣe é gé lórí ìdúró. Àwọn ọmọ méjèèjì ò wo ara wọn, Fintan ni wọ́n ń wò, òun sì ń rojọ́ ara rẹ̀: bí wọ́n ṣe ń kọ nọ́ńbà ní ìlú rẹ̀, àti ìdí tí rárá ẹ̀ẹ̀kan kì í fi í ṣe rárá níbẹ̀.

"Ó túmọ̀ sí pé," ni Leo wí, "nígbà tí mo wá sí Ireland lọ́mọdé, tí mo ní mi ò jẹ pòtétò mọ́…"

"A rò pé o kàn ń kí wa ni."

Emmet bú sẹ́rìn-ín kó tó mọ̀. Ìgbà yẹn gan-an ni tẹlifíṣọ̀n ilé ìdáná gbé ojú Fintan jáde, tòun ti fìlà rẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: Olùdìbò Tí Kò Tíì Pinnu. Àwọn onímọ̀ mẹ́ta jókòó, wọ́n ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ pẹ́ńsù. Èkíní ní ó fi hàn pé owó epo ń bí àwọn arúgbó nínú. Èkejì ní rárá, àṣírí ni Bàbá náà ń pa mọ́. Ẹ̀kẹta ní irú ọkùnrin yìí gan-an ni yóò pinnu ọjọ́ iwájú Amẹ́ríkà.

Tíì gba imú Leo jáde. Emmet lu tábìlì, ọbẹ̀ ò sí níbẹ̀ lónìí, ṣíbí ló fò. "Ọjọ́ iwájú Amẹ́ríkà!" ó ń ké, ó ń tọ́ka sí Fintan. "Ẹ̀yin èèyàn, ẹ wò ó! Ó wọ bàtà kan sí òsì, ọ̀kan sí ọ̀tún, kò sì tíì pinnu!" Leo di apá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mú kó má bàa ṣubú lórí àga, kò sì rántí jọ̀wọ́ rẹ̀. Ahọ́n àti eyín kúkú ń jà, inú ẹnu kan náà ni wọ́n ń sùn.

Doreen Hatch yọjú lẹ́nu ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. "Mo gbọ́ ariwo. Mo yan páì mìíràn, bóyá ẹ…"

"Bẹ́ẹ̀ ni!" Fintan ti gba àwo náà kó tó sọ tán.

Attracta mú ọ̀bẹ. Ó ń gé páì, kò gbójú sókè.

"Ọjọ́ Àìkú ńkọ́?" ó bèèrè. "Ṣé ẹ máa wá jẹun, ẹ̀yin méjèèjì?"

Ẹ̀rín dá. Leo wo inú ife rẹ̀. Emmet fi ìka tẹ èérún kéèkì mọ́ tábìlì.

"Rárá, Mọ́mì," ni Leo rọra wí.

"Rárá," ni Emmet wí.

Attracta gbé ọ̀bẹ sílẹ̀. Emmet wá ti ife rẹ̀ síwájú kí ìyá rẹ̀ bu tíì sí i. Ó wo àbúrò rẹ̀ lójú fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọdún méjì.

"Mọ́mì," ó wí, "ẹ̀ẹ̀kan nìyẹn o."

"Ó ku méjì," ni Leo wí.

Attracta wo Fintan, ṣùgbọ́n páì kún ẹnu rẹ̀, orí nìkan ló lè fi sọ pé ó yá. Attracta bá tún irun ara rẹ̀ ṣe, ó mí kanlẹ̀, ó sì tún bèèrè.